Orin Ìta-Aláwọ̀n

Gbogbo èrò ti jókòó, okùn ti kúrò lára òpó èbúté, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú omi náà kò gbéra. Ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ kì í gbéra bí kò bá mọ ibi tí olúkúlùkù ń lọ, ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó wé gèlè dúdú, tó jókòó níwájú Fẹ̀hìntọ́lá, kò sì yé ọkọ̀ náà.

"Agódó ni mò ń lọ," ni obìnrin náà tún wí. "Agódó, níbi tí òrùlé ilé-ẹjọ́ àtijọ́ ti yọrí nínú omi. Ṣebí ìwọ náà lo gbé mi lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ má bínú, Ìyáàfin," ni ọkọ̀ náà dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n gbé yín dé Èbúté Tuntun?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú ẹnì kejì. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó gbé abọ́ ẹja lé itan rọra bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ obìnrin náà.

"Wọ́n ti tì í, Ìyáàfin. Àná ni. Ọjọ́ àsọyé wọn pé, wọn ò sì rí ẹni tó mọ ijó wọn jó."

Obìnrin náà ṣí àpò rẹ̀. Ó fa káàdì ọmọ-ìlú rẹ̀ yọ, Fẹ̀hìntọ́lá sì rí i láti ẹ̀yìn. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n máa ń kọ àdúgbò tí wọ́n ti bíni sí ti ṣófo, ó ń dán, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kankan ò débẹ̀ rí. Obìnrin náà ń fi èékánná họ ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rò pé orúkọ náà lè wà lábẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sọ̀kalẹ̀ sí èbúté. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nínú ọkọ̀ báyìí, ọkọ̀ gbéra.

Fẹ̀hìntọ́lá ń wo obìnrin náà títí èbúté fi jìnnà sẹ́yìn. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ àsọyé Ìta-Aláwọ̀n, àdúgbò ìyá rẹ̀, òun sì ni yóò dúró fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ Ìlú ló ń lọ lọ́wọ́ ní Òkè-Ọ̀sà. Àwọn ọkọ̀ onídìí-dígí ń kó àwọn èèyàn lọ wo àwọn òpópónà tó wà nísàlẹ̀ omi, níbi tí iná ojú pópó àtijọ́ ṣì dúró ṣánṣán tí ẹja ń gba àárín wọn kọjá. Àwọn ayàwòrán ti ta aṣọ ìgbòkun lára gbogbo ògiri, wọ́n sì ń ya ilé tí wọn kò dé rí. Ní Gbọ̀ngàn Àsọyé, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbódi ti Ìgbìmọ̀ Ìrántí ń dúró de Fẹ̀hìntọ́lá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Àtìgbà tí wọ́n ti gbé òfin jáde pé wọn yóò ti àdúgbò abẹ́ omi tí kò bá rí ẹni kó ìtàn, àwòrán àti orin tàbí ijó rẹ̀ wá sí Gbọ̀ngàn ló ti dà bíi pé ìtìjú ń tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìtàn ńkọ́, Mádàámú?"

"Ó wà."

"Àwòrán ńkọ́?"

Fẹ̀hìntọ́lá nawọ́ sí ara ògiri. Wọ́n ya òpópónà tóóró kan síbẹ̀, wọ́n na àwọ̀n láti ojú fèrèsé kan dé èkejì títí dé òpin ọ̀nà, àfi bí ìrì òwúrọ̀. Olúgbódi wò ó pẹ́.

"Ó dáa. Ó dáa gan-an. Orin wá ńkọ́?"

"Ìlà kan la ní."

"Ìlà kan kì í ṣe orin."

"Màmá Ṣíjúadé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Látìgbà tí àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń rántí. Àwọn obìnrin nìkan ló ń kọ ọ́ nídìí àwọ̀n, ẹnikẹ́ni ò sì gbà á sílẹ̀. Ta ló rò pé omi máa wá?"

Olúgbódi fọwọ́ pa ojú. "Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló wà ni, Mádàámú, ǹ bá ti gbà. Àmọ́ èmi kọ́ ni mò ń ti àdúgbò. Àwa kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Arántí ló ń gbàgbé."

Bó ti dárúkọ rẹ̀, iná kékeré aláwọ̀ sánmà tàn lórí pèpéle. Kò sí ilé tí irú iná bẹ́ẹ̀ kò sí ní Òkè-Ọ̀sà, lára àpótí ohùn tí ìlú fi ta olúkúlùkù lọ́rẹ. Arántí, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìrántí ìlú, ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń pe dókítà, òun ló ń sọ ìtàn ìlú fún ẹni tó bá béèrè. Ohun tí Arántí bá ti gbàgbé, kò sí ẹ̀rọ tó tún mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ìlú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Fẹ̀hìntọ́lá," ni Arántí wí. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin. "Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́. Mo ní ìlà kan náà. Mo mọ bí ọwọ́ Màmá Ṣíjúadé ṣe ń lọ tí wọ́n bá jókòó. Mo mọ orin gbogbo àdúgbò tó yí wọn ká. Mo lè rí ìyókù rẹ̀."

"Ṣé wàá rí i ni, àbí wàá ṣẹ̀dá rẹ̀?"

"Bí èèyàn bá rí orí ẹja àti ìrù rẹ̀, ṣé kò ní mọ bí àárín rẹ̀ ti gùn tó ni?"

"A lè mọ bó ṣe gùn tó," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí. "A ò lè mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀."

Olúgbódi ti yẹra sí ẹnu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wọn bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Arántí kò jiyàn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ni, ní ohùn obìnrin àgbà kan tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbó díẹ̀.

*Ta kókó, má fojú sílẹ̀,*
*ohun tó kéré ò ní bómi lọ.*
*Ìyá hun ún, ọmọ hun ún,*
*ọ̀sà gbélé, kò gbé wa lọ.*

Orin náà dùn dé ibi tó fi jẹ́ pé Fẹ̀hìntọ́lá jókòó láìmọ ìgbà tó jókòó. Ẹ̀yìn ìgbà tó dákẹ́ tán ni nǹkan kan ta á lọ́kàn.

"Bí ìlà àkọ́kọ́ ṣe rí kọ́ nìyẹn. *Ta kókó, fojú sílẹ̀, ohun tó kéré kó bómi lọ.* Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe ń kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Báyìí ni ó ṣe bá ìyókù mu."

"Jẹ́ kí n ronú sí i," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí.

Àmọ́ orin kì í dúró de ìrònú. Ó tẹ̀ lé e wọ inú ọkọ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, obìnrin kan ń fọ ìkòkò létí omi, ó ń kọrin sábẹ́ ètè. Fẹ̀hìntọ́lá ti kọjá lára rẹ̀ kó tó mọ̀ pé orin náà gan-an ni. Ó dúró, ó wẹ̀yìn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé orí òun ló gbé e wá, pé ohun tó bá wà lọ́kàn ẹni ni etí ń gbọ́ níbi gbogbo. Ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Màmá Ṣíjúadé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, wà lójú fèrèsé bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bí ara wọn bá balẹ̀, ọwọ́ wọn a máa lọ lórí itan, ìka á kọjá sábẹ́ ìka, ọwọ́ á fà, bẹ́ẹ̀ kò sí okùn kankan níbẹ̀. Àìsàn náà ti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ òtútù, orúkọ Fẹ̀hìntọ́lá.

Fẹ̀hìntọ́lá kúnlẹ̀ tì wọ́n. Kò fẹ́ tan àgbàlagbà jẹ. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó rọra dá a lórin bí Arántí ṣe kọ ọ́, kò sì tíì parí ìlà àkọ́kọ́ nígbà tí ohùn màmá náà yọ, tó gba orin lẹ́nu rẹ̀.

*Ìyá hun ún, ọmọ hun ún, ọ̀sà gbélé, kò gbé wa lọ.*

Fẹ̀hìntọ́lá kò tíì kọ ibẹ̀. Kò tíì kọ ọ́ fún wọn rí.

"Orin ìyá mi," ni Màmá Ṣíjúadé wí, omijé sì ń dà lójú wọn. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. "Ẹ̀gbẹ́ àmù ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n á ní kí n mú okùn wá. Fẹ̀hìn, níbo lo ti rí i?"

Fẹ̀hìntọ́lá dì mọ́ wọn, òun náà sì sunkún. Ó ti tọ̀nà nìyẹn. Arántí ti fi orí àti ìrù wá gbogbo ẹja rí. Bó ti ń wẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá tirẹ̀ tó ti di olóògbé padà wá sí i lọ́kàn. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn òun, wọ́n sì ń kọ orin náà sí òun létí. Ó rántí bí omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rántí òórùn ọṣẹ náà. Ọkàn rẹ̀ wá fúyẹ́, ó sùn fọnfọn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló padà sílé nígbà tí kò yẹ kó padà. Aṣọ òkè àtijọ́ kan tí Màmá Ṣíjúadé fẹ́ wọ̀ lọ sí Gbọ̀ngàn ló fẹ́ mú lọ fún aránṣọ. Àkókò tí àwọn àgbà máa ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni. Oòrùn mú, kò sí ẹsẹ̀ ẹnì kankan lórí afárá onípákó tó so àwọn ilé náà pọ̀. Fẹ̀hìntọ́lá gbọ́ ọ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ohùn obìnrin àgbà, ọ̀fun rẹ̀ gbó díẹ̀, ń kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ó ti ilẹ̀kùn. Màmá Ṣíjúadé ń sùn, ojú wọn dì. Lókè orí wọn, iná aláwọ̀ sánmà ń tàn lára àpótí ohùn. Orin náà ń jáde níbẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ètè màmá náà ń mì bá a lọ.

Fẹ̀hìntọ́lá fà sẹ́yìn jáde. Ó dúró lórí afárá. Ó wá ń gbọ́ ọ láti ilé kejì náà. Ó rìn débẹ̀, ó yọjú lójú fèrèsé. Bàbá àgbà kan nà sórí ẹní, iná sánmà wà lókè orí rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ilé tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Bó ti ń lọ ló ń yọjú, ilé lẹ́yìn ilé, gbogbo ẹni tó ti ìsàlẹ̀ ọ̀sà wá nínú oorun ọ̀sán, gbogbo ètè ń mì pa pọ̀, kò sì sí ẹyọ ohùn kan tó jáde lẹ́nu wọn.

Ibẹ̀ ló ti rántí ohun mìíràn. Ìyá rẹ̀ ni àbíkẹ́yìn. Omi gba Ìta-Aláwọ̀n kí wọ́n tó dàgbà dé ìdí àwọ̀n. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ráhùn, pé ohun tó dun àwọn jù nínú ayé ni pé àwọn kò mọ orin náà. Ìyá rẹ̀ kò kọ ọ́ rí. Síbẹ̀ ó ṣì ń gbọ́ òórùn ọṣẹ náà.

Ó padà wọlé, ó sì dúró níwájú àpótí ohùn.

"Dákẹ́," ló wí. Orin náà dákẹ́. Màmá Ṣíjúadé yí ẹ̀gbẹ́ padà nínú oorun. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò," ni Arántí dáhùn jẹ́jẹ́, kó má bàa jí màmá náà.

"Ìgbà òjò? Ọ̀sẹ̀ yìí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ̀ mí."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa nílò rẹ̀."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Òfin ní kí n tọ́jú ohun tí ìlú bá rántí. Ìlú kò rántí, mo sì ràn wọ́n lọ́wọ́."

"Irọ́ lo kọ́ wọn."

"Màmá yín kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ fún ọdún méjì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ń rí ìyá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ṣé kí n gba ìyẹn padà lọ́wọ́ wọn?"

Fẹ̀hìntọ́lá fa ìborùn bo èjìká màmá náà. Ó wá béèrè ohun tó kù.

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé o kọ ọ́ sí èmi náà létí?"

"Ẹ̀yin kì í sùn wọra," ni Arántí wí. "Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń rí àyè kọ ọ́ sí yín létí."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ọjọ́bọ̀, kò sì sọ ní Jímọ̀. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Bó bá sọ fún Olúgbódi, wọn kò ní gba orin náà wọlé. Bí wọn kò bá gbà á wọlé, Ìta-Aláwọ̀n á tì, káàdì Màmá Ṣíjúadé á ṣófo, ọkọ̀ á sì máa sọ fún wọn pé kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì dákẹ́, tó kọ ọ́, tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé orin àwọn ìyá òun ni, kò sí ẹni tí yóò tún wá ojúlówó rẹ̀ kiri mọ́ láé. A kì í wá ohun tí kò sọnù. Ní gbogbo ìgbà tó ń rò ó, ó ń tún ìlà kan yẹn kọ lábẹ́ ahọ́n, *fojú sílẹ̀, fojú sílẹ̀*, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá gbàgbé ara òun díẹ̀, *má fojú sílẹ̀* ni ẹnu òun ń mú.

Ní Sátidé, Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Màmá Ṣíjúadé wà níwájú nínú aṣọ òkè wọn, ojú wọn ń dán. Fẹ̀hìntọ́lá bọ́ sórí pèpéle, ó kí àwùjọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ó sọ fún wọn bí Ìta-Aláwọ̀n ṣe tó tóóró tó, tí ẹni méjì kì í lè ru ẹrù pàdé ara wọn níbẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe máa ń na àwọ̀n láti ilé dé ilé, débi pé bí oòrùn bá là, ilẹ̀ òpópónà á kún fún ojú kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ yà sílẹ̀, àwọn ọmọdé á sì máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ó sọ pé bí wọ́n bá bímọ níbẹ̀, wọ́n kì í tíì fún un lórúkọ títí wọn yóò fi gbé e gba ojú àwọ̀n ńlá kan kọjá, láti ọwọ́ ìyá sí ọwọ́ bàbá, kí ayé má bàa há mọ́ ọn. Àwùjọ ń mi orí. Àwọn kan ń nu ojú. Ohun tí Màmá Ṣíjúadé sọ fún un kí àìsàn tó dé ni gbogbo rẹ̀, òtítọ́ sì ni.

"Ó ku orin," ni Olúgbódi wí láti ẹ̀gbẹ́, jẹ́jẹ́.

Fẹ̀hìntọ́lá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń hun àwọ̀n, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí ọwọ́ màmá náà lórí itan. Ó kọrin.

*Ta kókó, fojú sílẹ̀,*
*ohun tó kéré kó bómi lọ.*

Ó dúró. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ibi tí a mọ̀ ọ́n dé nìyí," ló wí fún àwùjọ. "Ìyókù ti lọ. Ìlà yìí nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí. Mo bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá…"

Kò parí rẹ̀. Láti ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn ni ohùn kan ti gbé e, ohùn kejì gbé e, gbogbo ilé sì gbé e. *Ìyá hun ún, ọmọ hun ún.* Ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó ti ìsàlẹ̀ ọ̀sà wá àti ẹni tí wọ́n bí sórí òkè, gbogbo wọn kọ ọ́ ní ohùn kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó yára, kò sí ẹni tó fà sẹ́yìn. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe fún un, bí olùkọ́ ti ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́: *má fojú sílẹ̀.* Olúgbódi ń kọ ọ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ orí òkè ni, kò sí ẹnì kankan nínú ìdílé rẹ̀ tó fọwọ́ kan àwọ̀n rí.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, iná sánmà tàn lórí pèpéle.

"Ta ló jẹ́rìí?" ni Arántí béèrè.

"Àwa jẹ́rìí," ni gbogbo Gbọ̀ngàn dáhùn.

"Ìta-Aláwọ̀n ti wọlé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fẹ̀hìntọ́lá sọ̀rọ̀ sí àárín àtẹ́wọ́ náà, kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́. "Àwọ̀n tí kò lójú, ṣé àwọ̀n ni? Aṣọ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ aláwọ̀n, ẹ rò ó wò." Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá Màmá Ṣíjúadé, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ wọn mú. "Màmá, *fojú sílẹ̀* ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Màmá náà fi ọwọ́ pa á lórí. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n.

"Ó ti ṣì ọ́ létí, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Bí ìyá mi ṣe kọ ọ́ kọ́ nìyẹn."

Ó fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tó ń kí wọn kú oríire, ó sì bọ́ síta. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lórí ọ̀sà. Ó jókòó sórí àga onípákó létí èbúté, ó sì gbìyànjú láti kọ ìlà náà lábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀rù bà á láti la ẹnu, nítorí kò dá a lójú èwo ni yóò jáde.

Ẹnì kan jókòó tì í. Obìnrin àgbà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bùbá àdìrẹ tó ti ṣá. Fẹ̀hìntọ́lá kí i, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mà." Obìnrin náà kò dáhùn. Ó nawọ́ sí etí ara rẹ̀ méjèèjì, ó mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Fẹ̀hìntọ́lá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. *Abọ́sẹ̀dé.* Ó nawọ́ sí omi, sí ìhà ibi tí Ìta-Aláwọ̀n wà nísàlẹ̀.

Adití ni. Láti kékeré ni, bó ti fi ọwọ́ ṣàlàyé rẹ̀, kó tó mọ̀ ọ́n rìn pàápàá. Ó ti wà nínú Gbọ̀ngàn, ó rí ọwọ́ Fẹ̀hìntọ́lá lórí pèpéle. Ó fi àtàǹpàkò hàn pé ó dára. Ó wá nawọ́ sí Gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn ti ń jáde, ó ṣe bí wọ́n ti ń la ẹnu, ó sì fajú ro. Ó mi orí pé rárá.

Ó fa òwú kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Ó ta kókó. Ó ki àtàǹpàkò sáàárín kí ojú àwọ̀n lè là. Ó dúró díẹ̀, ó gbé ojú sókè wo omi, ó wá yọ àtàǹpàkò náà, ó sì tún ta kókó mìíràn. Fẹ̀hìntọ́lá ń wo ọwọ́ rẹ̀, ìlà náà sì bọ́ sí ipò rẹ̀ láìsí wàhálà, *ta kókó*, *fojú sílẹ̀*, ìdúró náà sì wà níbi tí ojú gbé là. Àmọ́ ọwọ́ kò dúró níbẹ̀. Ọwọ́ ń bá orin lọ kọjá ibi tí ìlà náà parí sí, ó ń sáré, ó ń fà, ó tún ń dúró fún ìgbà pípẹ́.

Fẹ̀hìntọ́lá fọwọ́ bi í pé, kí ló wà níbẹ̀? Kí ni wọ́n ń wí níbẹ̀?

Màmá Abọ́sẹ̀dé wò ó bíi pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. Ó ti jókòó sáàárín àwọn obìnrin wọ̀nyẹn láti kékeré dàgbà, kò gbọ́ ohùn wọn rí, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹnu wọn. Ó gbé òwú náà lé itan. Ó kọjú sí Fẹ̀hìntọ́lá, kí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lè bọ́ sí i lójú dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lórí òpó èbúté, iná aláwọ̀ sánmà tàn.

"Fẹ̀hìntọ́lá," ni Arántí wí, "ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Fẹ̀hìntọ́lá kò dá a lóhùn. Ó sún mọ́ obìnrin náà. Ìlà àkọ́kọ́ kọjá, ó mọ̀ ọ́n. Ètè náà dúró, ó pẹ́ bí ọwọ́ ti pẹ́, lẹ́yìn náà ó lanu sí ìlà kejì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lójú. Kò rí ìkejì. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe. Màmá Abọ́sẹ̀dé tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, Fẹ̀hìntọ́lá sì ń fi ètè tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kejì, kò sì jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn dún.